Oúnjẹ Aláìsàn Ló Fẹ́ Pa Mí

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ọsibítù pé ìfun rẹ kọ àlìkámà, ìwọ ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Nu ojú rẹ. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, mo wà láàyè, apá mi sì tún ti tóbi ju ti àwọn tó wá ń ṣàánú mi lọ. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó bá ọkọ̀ lọ, nítorí náà má retí èdè dókítà lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹnu mi á là sílẹ̀ bíi ti ẹja.

Ní gáráàjì wa ní Fájuyì, Òkúta ni wọ́n ń pè mí. Típà ni mò ń wà. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà láti Adó dé Ìyìn, èmi ni mo já iyanrìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó wá. Táyà típà tí géńdé méjì ń yí nílẹ̀, èmi nìkan ni mo ń gbé e. Iyán ló fún mi ní agbára náà. Ọmọ Ìyìn ni mí. Odó tí ìyàwó mi fi ń gún iyán fún mi, odó bàbá mi ni. Ara rẹ̀ ti dúdú, inú rẹ̀ ti jìn. Bí mo bá jẹ ìrẹsì ìkòkò kan tán ní alẹ́, tí ẹ bi mí pé ṣé mo ti jẹun, n ó ní rárá. Ní ilé wa, ẹni tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun.

Níbi tí a ti ń kó òkúta, búrẹ́dì gbígbóná àti ẹ̀wà ni oúnjẹ àárọ̀ wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fura. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ikùn mi á wú, á máa kùn bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Ó ń rùn, ó sì ń léfòó lójú omi; ẹ má bínú pé mo sọ ọ́, ẹni tó bá ń ṣe ló máa mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ẹnu mi ń bó. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mò ń fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi ṣáá. Lọ́jọ́ kan mo fò sílẹ̀ láti orí típà bí mo ṣe máa ń ṣe, orúnkún mi yẹ̀, mo sì jókòó sínú iyanrìn níwájú gbogbo àwọn tó ń kó ẹrù.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wò ó, Òkúta ti di yẹ̀pẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi ti já. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò ṣubú níwájú ènìyàn rí.

Mo lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin tí ẹ ti tò sórí ìlà níbẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àga ti kún. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ á ní òun ti fi báàgì gba àga kí o tó dé. O ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an ni àìsàn rẹ. Wọ́n ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà. Wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni. Mo gba abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn mìíràn ní ọgbẹ́ inú ni. Típà méjì ni mo ní nígbà náà. Kékeré inú wọn ni mo tà fi tọ́jú ara mi, owó náà sì lọ bí omi tí wọ́n dà sínú iyanrìn.

Ìgbà tí ọsibítù kò rí i mú ni àwọn ẹbí gba àìsàn náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá, ó korò dé ọpọlọ. Ọ̀kan ní àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n ń jowú mi, pé kí n máa gbààwẹ̀. Ṣé ẹni tó ń gbẹ lọ ló tún yẹ kó gbààwẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù lójú mi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Déjì, tó wà nílé ọkọ ní Ìgèdè. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Bí Ìyá Déjì bá ní kí n jókòó, mo ti jókòó kí n tó béèrè ìdí.

Ó dé, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ikùn mi.

"Uyán yìí náà ni," ó wí. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wa nìyẹn. "Uyán ló jókòó sí ọ nínú. Ọkùnrin tó ti ń dàgbà, tí kò mọ̀ pé inú òun ti rẹ̀. Láti òní lọ, wíìtì ni wàá máa jẹ."

Ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn, ní, "Ẹ̀yin mà lẹ sọ ọ́, Mà. Gbogbo àwọn ìyá ìjọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Oníṣúgà, wíìtì. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, wíìtì."

Ẹ mọ wíìtì. Àlìkámà tí wọ́n lọ̀ ni, tí wọ́n ń rò lórí iná bí ẹní ń ro àmàlà. Ní àdúgbò wa, òun ni oúnjẹ aláìsàn. Bí o bá ti ń jẹ ẹ́, gbogbo ayé á ní o ti gbọ́ràn.

"Odó ńkọ́?" mo bi í.

"Odó ń bá mi lọ sí Ìgèdè. Bí kò bá sí odó nílé, kò sẹ́ni tí yóò gún un fún ọ ní kọ̀rọ̀."

Wọ́n gbé odó bàbá mi sínú bùùtù takisí, ìdí rẹ̀ yọ síta, ìlẹ̀kùn bùùtù kò sì lè pa dé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mò ń wò ó títí takisí fi yà. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ń gbé òkú jáde nílé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ara mi: bí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan, mo máa ń ṣe é dójú àmì. Mo jẹ wíìtì láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lálẹ́. Ìyá Déjì fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá láti Ìgèdè, á ti kù ú dáadáa. Àwọn tó ń bẹ̀ mí wò ń gbé búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì wá, torí wọ́n ní mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ló ń fún ẹ̀jẹ̀ ní agbára. Mo mu ún. Kò sí aláìsàn tó gbọ́ràn tó mi ní gbogbo Èkìtì. Bí mo sì ṣe ń gbọ́ràn tó ni mò ń kú lọ. Ojú mi jìn wọnú. Ìrun orí mi ń re. Nígbà tó yá, ìyàwó mi bá mi nílẹ̀ ní bàlùwẹ̀, ó sì pọ̀n mí lọ sí ẹ̀bá títì. Ẹ gbọ́ mi: ó pọn èmi Òkúta, bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, ó sì sáré. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó ṣì máa mí.

Ní ọsibítù ńlá tí wọ́n gbé mi lọ, dókítà obìnrin kan ló dá mi lóhùn. Ọmọ kékeré ni lójú mi, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ Tóyìn ọmọ mi. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi.

"Dádì, kí lẹ ń jẹ?"

"Oúnjẹ gidi ni. Èmi kì í ṣe aláìsàn tó ń ṣorí kunkun. Wíìtì láàárọ̀, wíìtì lálẹ́. Bí ebi bá pa mí láàárín, búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Iyán ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé odó lọ sí Ìgèdè."

Mo rò pé á yìn mí. Ńṣe ló pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gbé e lọ sí ibi tó jìnnà. Wọ́n ti kámẹ́rà tó tín-ínrín bíi wáyà gba ọ̀nà ọ̀fun mi wọlé kí wọ́n lè wo ìfun mi. Nígbà tí èsì dé, èmi àti Ìyá Tóyìn la jọ gbọ́ ọ.

"Dádì," dókítà ní, "ìfun yín kò lè gba àlìkámà. Bó bá ti wọlé, ara yín á dìde sí i bí ẹní rí olè, nínú ìjà yẹn ni ìfun ti ń fara gbọgbẹ́. Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ á kàn kọjá ni, kò ní ṣe yín láǹfààní. Búrẹ́dì, sèmó, núdùsì, bisikíìtì, bọ́ǹsì, wíìtì, àlìkámà ni gbogbo wọn."

"Wíìtì náà?"

"Wíìtì gan-an ni olórí wọn. Mọ́ọ̀tì náà ńkọ́, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe é, àbúrò àlìkámà ni."

Mo bi í pé, "Iyán ńkọ́?"

"Iṣu ni iyán, Dádì. Iyán kò ṣe yín ní nǹkan kan rí."

Ìyá Tóyìn rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àga wà níbẹ̀. Oúnjẹ tó gbé mi ró ni a gbé jáde nílé, èyí tó ń pa mí ni a ń rò fún mi tìfẹ́tìfẹ́. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Dókítà ní àìsàn náà kò ní oògùn tí ènìyàn ń gbé mì, pé oúnjẹ ni oògùn rẹ̀ títí ayé. Ó ní kí n fi mílíìkì sílẹ̀ ná kí ìfun tó san. Ẹran, ẹja, ẹyin, òun kọ́ ló lé wọn. Ara mi ló lé wọn fúnra rẹ̀: bí mo bá gbé ẹran mì, n ó bì í. Títí di òní, òórùn rẹ̀ lásán ń rú mi nínú.

"Kí ló wá kù tí mo fẹ́ jẹ?" mo bi í. "Ṣé koríko ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ Èkìtì kún fún oúnjẹ yín, Dádì. Ẹ ṣáà jẹ ẹ̀wà dáadáa." Ó ní nítorí pé n kò jẹ ẹran, òun á máa fún mi ní fítámì, òun á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ń ṣe é di báyìí.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Déjì gbé wíìtì wá bó ti máa ń ṣe. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde.

"Irọ́ ni. Ọmọdé ni dókítà yẹn. Oúnjẹ tí gbogbo aláìsàn ayé ń jẹ, ni mo fi ń pa àbúrò mi? Èmi tí mo fi ẹ̀kọ tọ́ ọ dàgbà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo sọ ọ́."

Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá mọ́. Ìyàwó mi ní kí a ra odó mìíràn, pé odó kún ọjà. Mo kọ̀. Bí mo bá ra odó mìíràn, bí ẹni pé mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ pa mí ni. Odó náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo pinnu pé n kò ní jẹ iyán títí yóò fi gbé e wá. Agídí ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n agídí ọkùnrin Ìyìn ni.

Ibi tí a dé nìyẹn tí Tóyìn ọmọ mi fi ti Ìlọrin dé, níbi tó ti ń ṣe irun. Ó bá mi pẹ̀lú iṣu sísè àti òróró nìkan. Ó na fóònù sí mi. "Bàbá mi, ẹ wo àwọn yìí. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn ò jẹ àlìkámà, ara wọn sì le koko."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ̀. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń fi búrẹ́dì jí. Mo rí àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń da ẹ̀wà lílọ̀ sórí páànù tí ó ń di pẹlẹbẹ bí aṣọ. Mo rí àwọn ará Mẹ́síkò tí àgbàdo jẹ́ búrẹ́dì wọn. Mo rí àwọn kan ní Etiópíà tí gbogbo ilé ń fọwọ́ bu oúnjẹ látorí àkàrà pẹlẹbẹ ńlá kan ṣoṣo. Odidi ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń dàgbà darúgbó láìjẹ ẹran, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí n tó gbà á gbọ́.

Mo wọ ilé ìdáná. Ìyá Tóyìn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bàbá Tóyìn, ìgbakọ lẹ mú dání yẹn o, kì í ṣe ṣọ́bìrì." Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ típà wà ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ọwọ́ mi kò lè mọ̀.

Ti Íńdíà ló rọrùn jù. Rẹ ẹ̀wà, bó o, lọ̀ ọ́ bíi ti àkàrà, ṣùgbọ́n jẹ́ kó ṣàn. Fi àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀ sí i. Ta òróró díẹ̀ sí páànù, dà á sí i, fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ. Bí etí rẹ̀ bá ti ń ká sókè, yí i. Ti Mẹ́síkò, ìyẹ̀fun àgbàdo ni, omi gbígbóná àti iyọ̀. Pò ó, fi ìsàlẹ̀ igò tẹ́ ẹ láàárín ọ̀rá méjì, yan án sórí páànù gbígbẹ. Tèmi kọ́kọ́ ń fọ́ bí páálí tí òjò pa. Omi ló kéré. Mo di ẹ̀wà àti tòmátì sínú rẹ̀. Ti Sẹ̀nẹ̀gà, ọbẹ̀ ẹ̀pà ni: ẹ̀pà tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀, ata, ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́. Àwọn ará Táílàǹdì ń fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú atalẹ̀, mo sì dà á sórí ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ tí wọ́n ń gbìn ní Èkìtì níbí. Àwọn ará Etiópíà ní ọkà tiwọn tí n kò rí rà, mo fi àcà, ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn Hausa ń tà lọ́jà, dípò rẹ̀. Kí ẹ tó dé ilé mi, òórùn ti pàdé yín lọ́nà.

Kíyè sí èyí o. Ara mi ti ń yá, ni mo bá ra àkàrà lẹ́bàá títì. Ẹ̀wà ni àkàrà, kí ló fẹ́ ṣe mí? Kí n tó délé, ikùn mi ti wú. Mo padà lọ wò ó: òróró tí alákàrà fi ń din pọ́fùpọ́fù, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ́ àlìkámà, náà ló fi ń din àkàrà. Òróró lásán ló dá mi dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, páànù tèmi, ṣíbí tèmi, òróró tèmi.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Ìyá Déjì tó tún yọjú. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un ní Ìgèdè pé àbúrò rẹ̀ ti di obìnrin, pé ilé ìdáná ló ń gbé. Ó kan wọlé ni, ó bá mi níwájú iná, mo ró aṣọ ìdáná ìyàwó mi.

"Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?" ó wí. Ojú ìyàwó mi ló ń wò.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹun ná."

Mo bu ìrẹsì fún un, mo da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e. Ó fọwọ́ tú u wò. "Ẹran dà?"

"Kò sí."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó tún bu òmíràn. Ó jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́. Nígbà tó gbójú sókè, apá mi ló ń wò, níbi tí mo ti ká aṣọ. Ẹran ti padà sí i. Ó na ọwọ́, ó fún un bí wọ́n ṣe ń fún ẹsẹ̀ adìyẹ wò lọ́jà. Ó fún ìkejì. Lẹ́yìn náà ó fi etí gèlè nu ojú, ó ní èéfín pọ̀ jù nílé ìdáná wa. Gáàsì la sì fi ń dáná.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, takisí dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, bùùtù rẹ̀ là sílẹ̀, ìdí odó yọ síta. Ìyá Déjì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ́. Iṣu Ìgèdè ló gbé wá. Òun ló bó o, òun ló sè é, òun náà ló gún un, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ gba ọmọ odó, ó ní kó lọ jókòó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a fi olú àti irú sè ni a fi jẹ ẹ́, kò sí edé, kò sí mágì. Ó jókòó sí iwájú mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò jẹ tirẹ̀.

"Ó wọlé?" ó bi mí.

"Ó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kò dùn ọ́?"

"Kò dùn mí."

Ó mí kanlẹ̀. Nígbà náà ló tó bu òkèlè tirẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí: mò ń wa típà, mò ń gbé táyà, ìgbẹ́ mi ti dì. Bí o bá fura pé tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀, má ṣe sá fún àlìkámà kí wọ́n tó yẹ̀ ọ́ wò, torí dókítà ní bí o bá ti fi í sílẹ̀, àyẹ̀wò lè má rí i mọ́. Bí wọ́n bá sì ní kò ṣe ọ́, máa jẹ búrẹ́dì rẹ ní àlàáfíà. Wíìtì kì í ṣe ọ̀tá gbogbo ènìyàn. Ọ̀tá tèmi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ bẹ aláìsàn wò, ẹ bi í ohun tí inú rẹ̀ ń gbà kí ẹ tó gbé oúnjẹ dání. Ìfẹ́ ló gbé odó kúrò nílé mi, ìfẹ́ náà ló gbé e padà.

Odó náà wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ilé ìdáná mi. Bí a bá jọ lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ sí iwájú mi, Ìyá Déjì ló máa ń kọ́kọ́ fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á sì bi alásè níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" N kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi tì í padà sí mi.